Ṣúgà Tí Màmá Béèrè

Ẹ̀jẹ̀ ni aránṣọ kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ọkùnrin náà. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn abúlé, ó ń dúró kí wọ́n pe bàbá rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan di ìyá tirẹ̀ lápá mú wọlé. Gbogbo ibi tí ìyá náà bá gbẹ́sẹ̀ lé ni àmì pupa ń kù sí.

"Ẹ má bínú o," aránṣọ ní, "ẹsẹ̀ Màmá ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ tèmi kẹ̀? Kò dùn mí níbì kankan."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bọ́ bàtà ìyá náà. Ìṣó ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ó ti wọ ẹran ara, ìyá sì ti fi í rìn láti ilé. Ọmọ rẹ̀ sáré kúnlẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ náà mú.

"Bí àtọ̀gbẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn," aránṣọ sọ fún un jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ á kú, ẹni tó ni ín ò ní mọ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn lálaalẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka." Ó fẹnu tọ́ka sí bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan sókè tí wọ́n sì rán an pa. "Kò sẹ́ni tó sọ fún àwa kí wọ́n tó gé tiwọn."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni ọkùnrin náà. Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń fi òòlù lu irin, díẹ̀ ló kù kó kí irin náà ní pẹ̀lẹ́.

Kò pẹ́ tó fi gbé ṣòkòtò tó ya lórúnkún wá sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, aránṣọ fọwọ́ kan ojú ibi tó ya.

"Kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ya èyí o. Àlùmọ́gàjí ni."

Pẹ̀lẹ́ dorí kodò. "Mi ò mọ ohun tí mo tún lè wí tí màá fi wá ni."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ lórí maṣíìnì. Ìgbà yẹn ni ìfẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn á bi ara wọn bóyá wọ́n lálàá ara wọn. Ní ti Pẹ̀lẹ́, á yọjú lójú fèrèsé láàárọ̀, á ní, "Ìfẹ́ mi, eélòó ni ṣúgà Bàbá lónìí?" Bó bá gbọ́ pé ó lọ sílẹ̀, inú rẹ̀ á dùn bíi pé wọ́n fún òun lẹ́bùn.

Màmá fẹ́ràn aránṣọ lójú ẹsẹ̀. "Ọmọ yìí ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́," ló máa ń wí. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní òpin abúlé, ni kò gbà.

"Àtọ̀gbẹ wà nílé wa, ó wà nílé tiwọn," ẹ̀gbọ́n sọ fún Pẹ̀lẹ́. "Ṣé ọmọ tí wọ́n á ti máa gún lábẹ́rẹ́ látinú ọpọ́n ìwẹ̀ lẹ fẹ́ bí?"

Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó padà sílé láìwọlé, ó sì sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n Màmá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó. "Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ìgbà wo lo wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi rí?" Ojú ti ẹ̀gbọ́n. Ìtìjú yẹn ló yí i lọ́kàn padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé, "Lọ kí àwọn ẹbí ọmọ náà. Èmi á dúró ti Màmá lọ́jọ́ yẹn."

Abúlé tó wà ní òdìkejì odò ni ẹ̀gbọ́n bàbá aránṣọ, olórí ẹbí wọn, ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Pẹ̀lẹ́ gún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ bó ṣe máa ń ṣe. Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n ń sè ṣì wà lórí iná. Aránṣọ dúró níta, ó ti múra tán, inú rẹ̀ ń dùn.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ ń lọ o," ó ké sí i.

"Ẹ máa lọ," Màmá ní. "Tó bá jinná, màá jẹ ẹ́. Àbí ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i pé wọ́n jẹun o," Pẹ̀lẹ́ wí, ó sì sáré jáde.

Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n bàbá bi Pẹ̀lẹ́. "Ṣé o mọ̀ pé ọmọ wa ò lè fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Èmi náà ò lè fi ìyá mi sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń padà, ó di ọwọ́ aránṣọ mú nínú ọkọ̀, ó ní inú òun ò dùn tó báyìí rí láyé. Wọ́n dé, èrò ti kún iwájú ilé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Màmá ní oúnjẹ ò wu àwọn, mo ní kí wọ́n sinmi. Nígbà tó yá, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́. Mo rò pé ibà ni, mo fi aṣọ bò wọ́n. Wọ́n ń bẹ̀ mí kí n fún wọn ní ṣúgà. Wọ́n sunkún nítorí ṣúgà bí ọmọdé. Mi ò fún wọn. Mo di agolo ṣúgà mọ́ra títí wọ́n fi sùn lọ."

Ó gbójú sókè wo aránṣọ. "Ìwọ lo mọ àìsàn yìí. Mo ṣe dáadáa, àbí?"

Aránṣọ mọ̀. Pẹ̀lẹ́ náà mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwọn méjèèjì pé bí abẹ́rẹ́ bá wọ ara tí oúnjẹ ò tẹ̀ lé e, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òógùn á bo onítọ̀hún, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kí wọ́n sì tètè fún un ní omi ṣúgà mu kí oorun tó gbé e lọ. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé kò wá sí wọn lọ́kàn pé ẹlòmíràn ò mọ̀ ọ́n.

Aránṣọ di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú. "Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi."

Pẹ̀lẹ́ dìde, ó jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò yọjú sí fèrèsé mọ́. Aránṣọ lọ bá a níbi iṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ ń ti wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bọ ihò, kò sì gbójú sókè.

"Èmi ni mo gún wọn, tí mi ò dúró," ó ní.

"Èmi ni mo pè ọ́ pé ọkọ̀ ń lọ."

"Mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló dun aránṣọ jù. "Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọ, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mò ń rí. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ìyẹn sí."

"Ṣé a ò lè jọ gbé e?"

"Mo ti gbìyànjú." Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílùú ńlá, ibẹ̀ lòun ń lọ. "Má sọ ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi, jọ̀ọ́. Á pa á."

Aránṣọ ṣèlérí. Ó gbá a mọ́ra níbẹ̀, girísì ọwọ́ rẹ̀ yí i láṣọ. Kò sọ pé kó má lọ.

Òjò ọdún yẹn ti ń rọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù. Wọ́n ti rí àtọ̀gbẹ lára ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ti fún un lábẹ́rẹ́.

"Kọ́ mi," ó ní. "Mi ò fẹ́ ṣì í ṣe."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀. Ó sọ ti oúnjẹ. Nígbà tó kan abẹ́rẹ́, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí ìlérí rẹ̀. Ó rántí pé ọkùnrin kan wà nílé ẹ̀gbọ́n tó lè kú bíi ti Màmá.

"Bí òógùn bá bò wọ́n, mà, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara, ẹ fún wọn ní ṣúgà. Lójú ẹsẹ̀."

Òjò ń lu páànù.

"Ṣúgà," ẹ̀gbọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lẹ́ mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún tí èjìká rẹ̀ ń mì. Aránṣọ jókòó tì í, òun náà ń sunkún. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n nu ojú.

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn àbúrò mi?"

"Gan-an ni, mà."

"Kí ló dé tí o ò lọ bá a?"

"Bàbá mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mirí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ maṣíìnì.

"Tún un sọ fún mi," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ látorí òógùn."