Méjì Kò Kúrò Nínú Àpótí

Ọmọbìnrin kan ń parí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní kíláàsì. Ó fi àmì bo nọ́ńbà 2 tó wà nínú àpótí ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà kó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lẹ 1 tó dà kọ láti ibòmíràn lé e lórí. Dípò kí 2 kúrò, àwọn méjèèjì dúró: 21. Ó tún un ṣe. 21.

Iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀ nìyí: fọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì yòókù nílé ìwòsàn yóò máa fi kọ iye oògùn aláìsàn. Tíṣà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí lò ń wò bí ẹni tó rí ejò?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Mo lẹ nọ́ńbà tuntun, ti àtijọ́ ò kúrò. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ilé wa."

"Tíṣà á kàn tẹ̀ ẹ́ ni, kò ní lẹ nǹkan kan. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ fẹ́ fi júwe iṣẹ́ ẹ. Panu mọ́, jàre!"

Tíṣà dé, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó dára. Ṣé kò síbi tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu?"

Ọmọbìnrin náà dáhùn pé, "Kò sí, sà."

Ní ọjọ́ kẹta tí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo fọ́ọ̀mù náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àbúrò, dókítà ní kí n dín oògùn bàbá arúgbó kan kù láti méjì sí ẹyọ kan. Mo lẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Mọ́kànlélógún lójúmọ́ ló jáde."

"Yéè! Ṣé wọ́n ti lò ó?"

"Apoògùn ló dá a dúró. Ó ní ṣé mo fẹ́ sin bàbá ni. Wọ́n ti fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Ṣé o mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa fóònù.

Ọmọbìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá tíṣà, ó sì jẹ́wọ́. Ìlà kan péré ni àtúnṣe náà: kí ètò kọ́kọ́ pa ohun tí a fi àmì bò rẹ́, kó tó lẹ tuntun. Tíṣà gé máàkì rẹ̀ sí ìdajì. Ọmọbìnrin náà kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn pé ẹ̀bi òun ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bá a yan odì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àléébù iṣẹ́ rẹ̀ tó dákẹ́, ẹlòmíràn ló máa ń fara gbá a. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìtìjú lásán.