Àpáta Ìkẹ́rẹ́ Kò Bá Wọn Dé Ìsẹ̀

"Monísọ́lá, kí lo tún fẹ́ fi ife òfìfo ṣe?" Tóyọ̀sí béèrè. "Ṣebí a ti kà á nílé."

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ìsẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wà, níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti wá, níbi tí iléèwé wọn wà lábẹ́ àpáta ńlá. Iléèwé tó bá gba ipò kìíní ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ Èkìtì tuntun l'Ábùjá. Monísọ́lá kò tíì kọjá Adó rí.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán tí ojú kò lè rí wà níwájú wọn, ó ń ró tá, tá, tá. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, olùkọ́ wọn, ti fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù n'Íbàdàn. Wọ́n á fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ka èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Bí oògùn bá tètè tán níbẹ̀, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Yíyẹ ẹ̀rọ wò nìkan máa ń jẹ odindi òwúrọ̀. Bámigbóyè gé e kúrú fún àwọn ọmọ rẹ̀: ka ife òfìfo, kí o yọ iye yẹn kúrò nínú ohun yòówù tí o bá kà. Lẹ́yìn náà, ka ife iyọ̀ pọtáṣíọ̀mù, tó ní ìtànṣán díẹ̀ tí a ti mọ iye rẹ̀. Bí iyọ̀ bá pé, ẹ̀rọ pé.

"Àmọ́ ibi tí ẹ bá gbé e dé ni kí ẹ ti ṣe é," ó ti kìlọ̀ fún wọn.

"Àwọn ọmọ Ìláwẹ̀ ti fẹ́ parí," ni Tóyọ̀sí wí. "Ife òfìfo kì í ju ife òfìfo lọ."

Monísọ́lá gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lo iye ti Ìkẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì Hannah Ọládipọ̀, tó jẹ́ adájọ́, wo èsì wọn. "Iyọ̀ yín dín. Ṣé ẹ lá a lọ́nà ni? Àbí ẹ ò ka ife òfìfo níbí?"

Tóyọ̀sí tẹ Monísọ́lá lẹ́sẹ̀ pé kó ní àwọn kà á. Kò sí ẹni tó rí i pé wọn ò kà á. Ábùjá wà lójú Monísọ́lá.

"A ò kà á níbí, mà. Ìkẹ́rẹ́ la ti kà á."

"Lábẹ́ àpáta yín? Òkúta yẹn ní ìtànṣán tirẹ̀. Kò lè pa yín lára, àmọ́ ẹ̀rọ ń kà á. Ẹ wá ń yọ àpáta Ìkẹ́rẹ́ kúrò nínú iyọ̀ tó wà n'Ìsẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá yín ńkọ́? Ẹ̀ bá ní kíndìnrín rẹ̀ le, nígbà tó jẹ́ pé ó ń kú lọ."

Wọ́n tún un kà. Iyọ̀ pé. Ṣùgbọ́n àkókò ti lọ, ipò kẹta ni wọ́n gbà.

Nínú ọkọ̀, Bámigbóyè ra iṣu sísun fún wọn. Tóyọ̀sí ní, "Ká ní o sọ pé a kà á ni..."

"Jẹ uṣu rẹ," ni olùkọ́ wí.

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ àpáta, Monísọ́lá tan ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ife òfìfo. Ó ń ró kíákíá ju ti Ìsẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Tóyọ̀sí náà wá gbọ́.

Bí o bá lè gé iṣẹ́ kúrú, gé e. Má gé òtítọ́ mọ́ ọn.