Jókòó Sínú Ẹ̀ Ná

Ìgbájú tí dírẹ́bà kan fọ́ Kíá-kíá le débi pé gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà dá iṣẹ́ dúró. Kí ọmọkùnrin náà tó mọ ibi tó wà, èkejì ti bà á. Ó fara gbá àwọn táyà tí wọ́n tò jọ, òun àti táyà jọ wó lulẹ̀.

"Lójú mi báyìí lo ṣe sọ lánàá pé o ti tún un ṣe! Ìyàwó mi bì sínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí nítorí òórùn epo! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Ọkọ̀ náà ló wà lẹ́yìn dírẹ́bà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ṣì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tó rí ìjà, ẹ̀rù bà á, ó ti ilẹ̀kùn pa látinú.

Kíá-kíá kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí kò sí iṣẹ́ tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀: àwo tó bá fọ̀, ọ̀rá á ṣì wà lára ẹ̀, okùn bàtà tó bá so, ojú ọ̀nà ni yóò ti tú. Ìyá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Mẹkáníìkì gidi ni, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀. Èyí tí kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni pé ẹni tó bá tún ọkọ̀ tó ń rùn fún epo ṣe gbọ́dọ̀ ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, kó tan íńjìnnì, kó sì jókòó sínú ẹ̀ títí yóò fi gbóná dáadáa. Bí imú rẹ̀ kò bá gbọ́ òórùn kankan, ọkọ̀ lè máa lọ.

Lánàá, Ìyá ní kó fẹ́ èéfín sínú páìpù táǹkì, kó wo ibi tí èéfín náà yóò gbà jáde, torí ibẹ̀ gan-an ni ooru epo ń gbà sá. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń súfèé lẹ́nu géètì, wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. "Àbí o ti fẹ́ mọ́tò ọ̀hún níyàwó ni? Máa bọ̀ jàre!" Kò fẹ́ èéfín kankan mọ́: ó rí i pé rọ́bà ìdérí táǹkì ti sán, ó pààrọ̀ ìdérí, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti jókòó sínú ọkọ̀ náà. Kò jókòó sínú ẹ̀ rárá.

Ìyá jáde sí wọn báyìí, sípánà lọ́wọ́. "Kíá-kíá, ṣé o jókòó sínú ẹ̀?"

Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú Kíá-kíá. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Mo jókòó, Mọ́mì."

Ìyá gbà á gbọ́. Ó kọjú sí dírẹ́bà. "Ọmọ mi kì í parọ́ nídìí iṣẹ́. Ẹ ò ní í lù ú mọ́ níṣojú mi."

"Èmi ni mo wá ń parọ́ nìyẹn?"

Ọkùnrin náà he irin jáàkì nílẹ̀, ó sì fì í sí orí Kíá-kíá. Ìyá bọ́ sáàárín, ó gbé apá sókè. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí egungun ṣe kán. Àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ mọ́ dírẹ́bà, wọ́n ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, òun náà ń fi irin na ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá bà. Eyín ẹnì kan yọ. Bí ó ṣe tún na irin náà sẹ́yìn, ó ba gílóòbù iṣẹ́ tó ń tàn, tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí táǹkì ọkọ̀ náà wà. Gílóòbù fọ́, ooru epo tó ń sá gbiná, iná sì sọ bùù lábẹ́ ọkọ̀.

"Ọmọ mi! Ọmọ mi wà nínú ẹ̀!"

Kíá-kíá ló sún mọ́ ọn jù. Ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó gba irin lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó fọ́ fèrèsé, ó na ọwọ́ méjèèjì wọlé. Gíláàsì ya á lápá, iná ń jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, àmọ́ ó fa ọmọ náà jáde. Ìyá, tí apá kan ti rọ̀ jọwọlọ, ń pariwo pé, "Yanrìn! Ẹ da yanrìn sí i! Ẹ gbé agolo ìpaná wá!"

Nígbà tí iná kú, Kíá-kíá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbá ọmọ náà mọ́ra.

"Mi ò jókòó sínú ẹ̀, Mọ́mì. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá."

Ìyá wo apá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Irọ́ ni mo wá fi apá mi gbèjà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kíá-kíá ju gbogbo ìgbájú lọ. Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí Ìyá ti ọsibítù dé lọ́jọ́ kẹta, Kíá-kíá fẹ́ èéfín sínú páìpù. Èéfín tín-ín-rín kan yọ láti ara rọ́bà mìíràn tó wà lórí táǹkì, níbi tí iná kò dé. Ojú ibi tó ti sán kò tó èékánná. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ gbogbo ohun tó jó àti gíláàsì tó fọ́, ó tún fẹ́ èéfín sí i. Èéfín kò yọ níbì kankan mọ́. Kò dúró kí wọ́n rán an: ó wọnú ọkọ̀, ó ti fèrèsé pa, ó tan íńjìnnì. Dírẹ́bà, tó ti ń bẹ Ìyá láti ìjẹta, ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì jókòó tì í. Àwọn méjèèjì ń làágùn.

Súfèé tún dún lẹ́nu géètì. Kíá-kíá kò yíjú. Ó ti mọ̀ wàyí pé irọ́ tí èèyàn pa kó lè ráyè ṣeré lè kán apá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, ó sì lè jó ọmọ ọlọ́mọ pa.

"Ṣé kò tíì tó báyìí?" dírẹ́bà bi í.

"Rárá, sà," Kíá-kíá dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó gbóná ná."