Àgádágodo Etí Òkun

"Kékeré yìí lo fẹ́ fi de ọkọ̀ ojú omi? Olè á kàn fi eyín já a ni!"

Fàrídátù ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Hameedat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, dúró síwájú káńtà ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Sìmbíátù ní Ìkàtẹ́, ó mú àgádágodo méjì lọ́wọ́. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan. Ó kéré, kò sì fani mọ́ra. Irin ni èkejì. Ó tóbi, ó wúwo, ó ń kọ mànà bíi dígí.

Olè ti jí ọkọ̀ aládùúgbò wọn kan gbé ní etí òkun. Ìdí nìyẹn tí Mujeeb, bàbá Hameedat, tó jẹ́ apẹja, fi fẹ́ máa fi ṣéènì àti àgádágodo de tirẹ̀ mọ́ igi àgbọn. Ó ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, "Onídẹ ni kí o rà o. Iyọ̀ òkun kì í fi irin sílẹ̀."

Àǹtí Sìmbíátù bi í pé, "Èwo ni bàbá ẹ ní kí o rà?"

Hameedat wo ojú Fàrídátù, tí ẹ̀rín kò tíì kúrò níbẹ̀. "Èyí ńlá yìí ni, mà."

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ yí àgádágodo náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Onídẹ ńkọ́?"

"Ó ti tán, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ ká máa lo èyí ná. Bí òmíràn bá ti dé, kí o tètè sọ fún mi."

Ojoojúmọ́ ni Hameedat ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá lọ síléèwé. Ó ń rí àwọn onídẹ níbi tí wọ́n so wọ́n kọ́ sí, ó sì ń gbójú kúrò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àgádágodo onírin náà pọ́n, ó sì dípẹtà. Bàbá rẹ̀ a fi epo sí i, a jìjàkadì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kó tó ṣí.

"Hameedat, ṣé onídẹ yẹn ò tíì dé ni?"

"Kò tíì dé, sà."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, òkun ru. Ìgbì ń gorí ara wọn bọ̀, omi sì ń gun etíkun wá kíákíá. Gbogbo apẹja sáré tú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sókè. Mujeeb ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, kò yí. Ó da epo sí i. Ó fi òkúta gbá a. Ó fi gbogbo agbára yí i, kọ́kọ́rọ́ sì kán sínú rẹ̀.

"Sáré lọ pe Rasheed wẹ́dà! Ní kó mú ayùn irin wá!"

Hameedat sáré. Àmọ́ Rasheed ti lọ síbi iṣẹ́ kan ní Ajah, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ọmọ náà gbá ilẹ̀kùn náà, ó kígbe, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ọwọ́ òfìfo ló fi padà.

Nígbà tó padà dé etí òkun, ìgbì ń gbé ọkọ̀ náà sókè, ó ń là á mọ́ igi àgbọn. Àwọn ọkùnrin ń fa ṣéènì títí ọwọ́ wọn fi bó. Pákó ọkọ̀ náà là, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàbá rẹ̀ dúró sínú omi, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó ń wòran. Olè kankan kò lè gbé ọkọ̀ náà lọ mọ́. Ẹni tó ni ín náà kò sì lè gbé e.

Nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn wá bá wọn kẹ́dùn. Àǹtí Sìmbíátù wà lára wọn.

"Bàbá Hameedat, kí ló dé tí ẹ ò lo onídẹ? Ó kún ṣọ́ọ̀bù mi, kò tán rí."

Mujeeb yíjú sí ọmọ rẹ̀. Hameedat kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, sà. Irọ́ ni mo pa. Mi ò fẹ́ kí Fàrídátù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ì bá nà án, ì bá sàn fún un.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ìyá rẹ̀ ní, láti tù wọ́n nínú.

"Ìyá Hameedat," Mujeeb dáhùn jẹ́ẹ́, "agbè gan-an ló fọ́."

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni Mujeeb ti di ẹni tó ń bá Dáúdà, apẹja mìíràn, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ onítọ̀hún. Bí Dáúdà bá ní ká lọ, yóò lọ. Bó bá ní ká jókòó, yóò jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Hameedat sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ru àwọ̀n."

"Àwọ̀n Dáúdà ni. Kò sí ohun tí o fẹ́ bá mi rù." Ó sì lọ.

Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú. Kì í ṣe bí nǹkan ṣe tóbi tàbí bó ṣe ń dán la fi ń yàn án, bí kò ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe àti ibi tí yóò gbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kọ ọ̀rọ̀ òbí, tó tún fi irọ́ bò ó, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ yóò tán, àdánù náà yóò sì kù sọ́rùn àwọn ará ilé rẹ̀.