Ẹ́ńjìnì Abẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ́ńjìnì ni Mojísọ́lá kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin náà. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin so ó rọ̀ sára ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé kejì sí tiwọn ní Ìgàndó. Ó dúdú, ó wúwo, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú atẹ́gùn ọyẹ́ bí ẹran tí alápatà gbé kọ́, iyọ̀ sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun. Bó ṣe ń wò ó lójú fèrèsé ni ọwọ́ méjì yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n gbá a mú jẹ́ẹ́ kó má baà yí mọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkùnrin gíga kan ló ni ọwọ́ náà. Gíríìsì kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń bá ẹ́ńjìnì náà sọ̀rọ̀.

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín sínú, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Télọ̀ ni, iwájú ilé bàbá rẹ̀ ló sì ti ń ránṣọ. Òun àti bàbá náà nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń pe bàbá náà ní Bàbá Olúsànyà, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pàdánù ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkùnrin abẹ́ igi náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, àkísà díẹ̀ ni mo wá tọrọ."

Mojísọ́lá kó ẹ̀kúnwọ́ kan nílẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá rọra dá a padà.

"Ẹ má bínú. Èyí ń tú òwú. Bí òwú bíńtín bá wọnú ẹ́ńjìnì, wàhálà ni."

"Ẹni tó ń tọrọ, ó tún ń ṣà?"

"Èmi kọ́ ló ń ṣà á, àǹtí. Ẹ́ńjìnì ni."

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wá ògbólógbòó aṣọ àǹkárá tí fífọ̀ ti sọ di múlọ́múlọ́. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé Abraham ni orúkọ rẹ̀, pé ọmọ Ìlàjẹ ni, pé orí omi gan-an ni wọ́n bí i sí. Ó ní ọkọ̀ ojú omi onígi kan tó ń kó èrò àti ẹrù láti Ọ̀jọ́ lọ sọ́nà Àgbádárìgì. Omi iyọ̀ ló wọnú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà tó jẹ ẹ́. Iyanrìn etídò kì í jẹ́ kéèyàn lè tú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta, nítorí náà ló ṣe gbé e wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó máa bá a gbẹ́ inú sílíńdà ẹ́ńjìnì náà ní Ìkọ̀tún. Mojísọ́lá bi í pé kí ló dé tí kò gbé e fún mẹkáníìkì. Ó ní àwọn mẹkáníìkì mọṣẹ́, ṣùgbọ́n òun lòun ń kó ọmọ ọlọ́mọ gba orí ibú. Ohun tí òun bá fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀, òun gbọ́dọ̀ mọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dúró lọ́kàn Mojísọ́lá.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ó rí i tó jókòó sílẹ̀, tó ń fi abẹ gé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà líle tí wọ́n máa ń tẹ́ sáàárín irin méjì kí epo má baà jò. Ó ti ba púpọ̀ jẹ́. Mojísọ́lá mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó kọjá sọ́hùn-ún, ó gba pépà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lé ojú irin, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká títí gíríìsì fi ya àwòrán irin náà sára rẹ̀, ó wá gé e lójú àmì. Nígbà tí Abraham gbé e lé e, ó bá a mu rẹ́gí.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ọrùn bùbá ló kọ́ mi," ni Mojísọ́lá wí.

Láti ọjọ́ yẹn, Abraham ò gé gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ mọ́. Bí Mojísọ́lá bá ti parí aṣọ oníbàárà, abẹ́ igi ló kù. Ó ń bá a fi kẹrosíìnì fọ písítìn, ó ń to àwọn irin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fálìfù sórí abọ́ tánńganran bí wọ́n ṣe yọ wọ́n tẹ̀léra, kí oníkálùkù lè padà sí àyè rẹ̀. Ohun tó ń mú un lọ́kàn ni sùúrù ọkùnrin náà. Bí bóòtù kan tó so irin pọ̀ bá lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, kì í fi agbára já a. Á bu epo sí i, á fi í sílẹ̀, á padà wá. Nígbà tó bá ti Ọ̀jọ́ bọ̀, ẹja tútù kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Mojísọ́lá náà rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un láì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ṣẹ́ẹ̀tì náà bá a mu débi pé Abraham bi í pé ìgbà wo ló ti ń fojú wọn òun. Ojú tì í, ó sá padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Abraham fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá dá ẹ́ńjìnì yìí padà sínú ọkọ̀, kò sóhun tí màá máa wá ṣe ní Ìgàndó mọ́ o."

"Ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe níbí."

"Mo ti rí i. Ìwọ ni mo fẹ́ máa wá wò. Nígbà tó bá yá, kí n má wulẹ̀ dá padà lọ."

Mojísọ́lá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dúdú fún epo. Ó ní òun gbọ́, òun sì gbà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí òun sọ fún bàbá òun.

Bàbá Olúsànyà ti máa ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ìwà rẹ̀ sì wù ú, ṣùgbọ́n ó rò pé ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń tún ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé ti ojú omi ni, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Mojísọ́lá mọ ohun tó ń rò. Adéolú, ẹ̀gbọ́n Mojísọ́lá, wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ́dún kan, ẹ́ńjìnì kú láàárín ọ̀sà, ìjì dé bá wọn, ọkọ̀ dojú dé. Láti ìgbà náà, bàbá wọn ò dé etídò mọ́.

"Mojísọ́lá," ni bàbá náà wí, "omi ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fọwọ́ ara mi gbé èkejì fún un."

Abraham wá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní òun máa ta ọkọ̀ náà. Mojísọ́lá ló kọ̀. Ó tẹ̀ lé e jáde, ó ní bó bá ta ọkọ̀ náà, ẹni tí òun máa bá délé kì í ṣe ẹni tí òun fẹ́ mọ́. Ó wọlé padà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun ò ní lọ sílé ọkọ láì gba àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Kò sọkún, kò sì gbé ohùn sókè.

Ilé náà wá dákẹ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò pọ̀ láàárín wọn. Abraham ò ṣíwọ́ iṣẹ́. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà lókèèrè, bàbá náà ò sì ṣàì dá a lóhùn.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mojísọ́lá gbójú sókè nídìí iṣẹ́, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń fi ọ̀pá tẹ́lẹ̀ lọ sábẹ́ igi. Ẹ̀rù bà á, ó sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi dé ibẹ̀, bàbá náà ti ń béèrè pé kí ló lè pa ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín omi.

"Bàbá, mi ò sí níbẹ̀," ni Abraham wí. "Mi ò lè mọ ohun tó pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tí ọmọ yín wọ̀."

Ṣùgbọ́n ó bu epo dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnì náà ń mu sínú ife onígíláàsì, ó da omi lé e. Omi náà rọra wọ́ lọ sísàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó ní bó ṣe máa ń fara pa mọ́ sísàlẹ̀ táǹkì nìyẹn, tí ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí ìgbì bá wá dé, á rú u sókè, ẹ́ńjìnì á fà á mu, á sì kú. Ó fi ibi tí òun ti ń fa omi náà dànù kí òun tó ṣíkọ̀ hàn án.

Bàbá náà wo ife yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Mojísọ́lá lọ gbé àga òun wá.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sábẹ́ igi. Ó ń béèrè, Abraham ń dáhùn, nígbà mìíràn bàbá náà á na sípánà sí Abraham kó tó béèrè fún un. Mojísọ́lá ò dá sí wọn. Ó ń gé gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ọkọ̀ náà wò ní Ọ̀jọ́, bàbá náà ní òun ń bá wọn lọ. Mojísọ́lá dì í lápá mú wọnú ọkọ̀, ó ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Abraham tan ẹ́ńjìnì. Ó dún gbọnmọgbọnmọ, omi tó ń tù ú lára ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èbúté sì ń kéré lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Pa á."

Abraham wo Mojísọ́lá, ó wá pa á. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Omi ń lá ara pákó, ọkọ̀ ń mì lẹ́lẹ́. Bàbá Olúsànyà ṣí fìlà rẹ̀. "Adéolú," ló wí, bí ẹni ń pe ọmọ inú yàrá kejì. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Mojísọ́lá ò lè wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló dì mú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá náà tó dé fìlà padà.

"Ó tó. Tan án."

Abraham fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Wọ́n ti ń kọrí sí èbúté kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo làwọn èèyàn rẹ máa wá rí mi?"

Kí Abraham tó la ẹnu, Mojísọ́lá ti bá a dáhùn: "Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá." Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọ òun ti di abẹnugan àwọn ará Ìlàjẹ.

Àwọn ará Ìlàjẹ wá lóòótọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n so Mojísọ́lá àti Abraham pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìgàndó, bàbá ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ojú omi lọ kí àwọn àna Mojísọ́lá nílé, Bàbá Olúsànyà ti gbé àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀ ṣáájú wọn.