Àwòrán Ọkàn Hàsíátù

Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tó lù, àwòrán ọkàn Hàsíátù gbọ́dọ̀ ti dé Kútọnu. Oníṣẹ́ abẹ tó gbà láti la àyà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún un sọ: òun kì í fi ọ̀bẹ wá ohun tí òun kò rí. Bí àwòrán náà kò bá dé lákòókò, ẹlòmíì ló máa gba àyè obìnrin náà, Hàsíátù á sì padà sí Daagbé, ìlú rẹ̀, lọ kú.

Aago méjì ti kọjá. Chérifath, tó ń fi ẹ̀rọ sikánà ya àwòrán inú ara, jókòó lẹ́yìn gíláàsì, ó tẹjú mọ́ àwòrán àkọ́kọ́, ohun tó sì rí kò bá a lára mu. Egungun ẹ̀yìn Hàsíátù hàn débi pé èèyàn lè kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ hàn. Ihà rẹ̀ tò bí eyín ìyarun. Ibi tí ọkàn yẹ kó wà nìkan ló kún fún iyanrìn, iyanrìn funfun tó ń hó yììyìì bíi tẹlifísàn tí wáyà rẹ̀ já.

"Ọ̀rá ni," Dókítà Jean-Marc, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, wí lórí fóònù láti Àjàṣẹ́. "Obìnrin tó wọn kílò méjìdínlọ́gọ́jọ, kí lo rò pé o máa rí?"

Chérifath tún wo àwòrán náà. Ó mọ ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá máa da àwòrán rú, gbogbo rẹ̀ ló ń dà rú, àtẹ̀yìn àtiwájú. Ọ̀rá kì í yan ibi tó máa bò.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ ló wá ń gbá ní ilé ìwòsàn náà, lójú ọ̀nà Ìgolo, tí Anicet tó ń lo sikánà nígbà náà fi ní kó wá bá òun di ẹsẹ̀ aláìsàn kan mú. Ọdún mẹ́rin ló fi ń wò, tó ń tẹ̀, tó ń ṣì í tẹ̀, títí Anicet fi gba òkè òkun lọ tó sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un. Ohun tí Anicet fi kọ́ ọ kò ju gbólóhùn bíi mélòó kan. "Ara tó sanra, ògiri tó nípọn ni. Bí ìtànṣán bá kéré, iyanrìn lo máa rí. Bí ó bá pọ̀, wàá rí i kedere, àmọ́ wàá ti pa á lára. Ìtànṣán kì í jóni lójú ẹsẹ̀, Chérifath. Ó ń lúgọ ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, á yọjú bíi kókó nínú ọmú." Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà kan wà tó máa ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bí èèyàn bá fẹ́ kọjá ààlà, ẹ̀rọ á sì béèrè pé ṣé ó dá a lójú. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, Chérifath kò tíì tẹ bẹ́ẹ̀ ni rí.

"Madame Fọ́tò!" Hàsíátù ké láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé mo rẹwà níbẹ̀?"

Sìdíkátù, ìyàwó kejì ọkọ rẹ̀ tó sìn ín wá, rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyálé mi, ẹ̀rọ ní òun ò rí àyè gbà yín tán. Bóyá kí wọ́n yà yín lónìí, kí wọ́n parí yín lọ́la."

"Panu mọ́, igi ìdáná. Ìwọ, bí wọ́n bá yà ọ́, ògiri ni wọ́n máa bá nínú fọ́tò."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Hàsíátù já sí ikọ́, ètè rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ bí ẹni tó mu àgbo. Élodie, nọ́ọ̀sì tó ń fún un lábẹ́rẹ́, wo Chérifath, ó sì mi orí.

Chérifath bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Élodie fi ìlàjì oògùn kún èyí tó ń dẹ ọkàn, wọ́n sì dúró títí lílù rẹ̀ fi wálẹ̀ sí méjìdínlọ́gọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbé apá obìnrin náà sókè orí, ó fi aṣọ fífẹ̀ fa ọmú rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó dín ibi tí ẹ̀rọ máa wò kù, kó má ju ibi ọkàn nìkan lọ. Ó sọ fún ẹ̀rọ kó má tan ìtànṣán lásìkò tí ọkàn bá ń fò, àfi ìgbà tó bá sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló wá fi agbára kún un, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ kan péré.

"Ẹ mí sínú, Màmá. Ẹ dá a dúró."

Ẹ̀rọ yí. Àwòrán kejì jáde. Egungun tún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iyanrìn náà sì wà níbẹ̀. Chérifath yí àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè gba ẹ̀yìn wò ó. Iyanrìn náà yí pẹ̀lú rẹ̀. Ó yí i padà, òun náà padà. Ibi tí ó bá ti ń wò ni iyanrìn ń wá dúró sí, bí ẹni tó na àtẹ́lẹwọ́ sí i lójú. Òórùn kan sì gba inú yàrá, yàrá tí kò ní òórùn kankan rí ju ti ọtí ìfọwọ́ lọ: òórùn àpò tí òjò pa, tí wọ́n dì pa mọ́ tútùtútù.

Ó fa Sìdíkátù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màmá, kí ni ìyálé yín ní lára?"

Sìdíkátù wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Wọ́n jẹ oògùn kan lọ́wọ́ baba kan ní Ko-Koumolou. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kó aṣọ gba inú igbó kọjá bodè. Àwọn aṣọ́bodè, àwọn douane, á dúró ti ẹrù wọn, ojú ò ní rí i. Baba tó ṣe é ti kú."

"Ṣé ó léèwọ̀?"

"Ta ló máa sọ fún mi? Ìyàwó kékeré kì í mọ èèwọ̀ ìyálé."

Ibi tí Chérifath ti ṣìṣe nìyẹn. Ẹlòmíì ì bá ti palẹ̀ mọ́. Òun, ohun tó bá bo nǹkan, ògiri ni lójú rẹ̀, ọ̀rá ni o, oògùn ni o, ìtànṣán ló sì ń la ògiri kọjá. Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Fóònù dún. Dókítà Jean-Marc ni. "Chérifath, attention à la dose, ṣọ́ra fún ìwọ̀n ìtànṣán náà. O ti yà á lẹ́ẹ̀mejì. O ò gbọdọ̀ kọjá ìlà pupa. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé."

"Kí wọ́n lọ ṣe kí ni nílé, dókítà?"

"Kí wọ́n lọ kú. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

Nígbà tó wọlé lọ tún Hàsíátù tẹ́, obìnrin náà gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì le. Gbogbo àwàdà ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, fi kún un. Má bẹ̀rù, mo gbà. Àwọn ti Àjàṣẹ́ dé ìdí ibẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n. Àwọn ti Kútọnu náà, ẹ̀rù bà wọ́n. Ojú tìrẹ le. Mo rí i bí mo ṣe wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Chérifath nínú. Kò sẹ́ni tó pe iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó padà sẹ́yìn gíláàsì, ó gbé agbára sókè, ó tún gbé e sókè. Nọ́ńbà pọ́n. Ẹ̀rọ béèrè pé ṣé ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ké bí kò ṣe ké rí. Iná yàrá lọ sílẹ̀, ó tún padà. Àwòrán kẹta jáde, ó mọ́ gaara bí omi inú ìkòkò. Kò sí iyanrìn. Ihà wà, ẹ̀dọ̀fóró wà, iṣan ńlá sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àyà, ó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀ bí ọ̀nà tó dópin. Láàárín wọn, ihò ni. Ihò tó ní ẹnu àti etí, tó sì ṣófo.

Ìlà tó ń ka lílù ọkàn Hàsíátù na gbọọrọ. Élodie pariwo.

Ìgbà náà ni nǹkan kan kan àyà Chérifath láti inú, gbì. Ó di ọwọ́ mọ́ ọn. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìlù méjì ló ń lù. Ọ̀kan ń sáré, torí ẹ̀rù. Èkejì rọra ń lọ, méjìdínlọ́gọ́ta ní ìṣẹ́jú kan.

Hàsíátù dìde jókòó, láìsí ẹni tó fà á sókè. Ètè rẹ̀ ti pọ́n. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó ń wé e. "Ó ti tán? Ebi ń pa mí."

"Màmá," Chérifath wí. "Kí lẹ ṣe fún mi?"

"Kì í ṣe èmi. Ìwọ lo wò ó." Obìnrin náà sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà. "Ọ̀gá douane kan wà ní Ìgolo nígbà náà, ó lóun dandan á tú ẹrù mi. Ó tú u, kò bá nǹkan kan. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni wọ́n ti bá gbogbo aṣọ náà, inú ẹ̀wọ̀n ló sì ti darúgbó. Baba ti sọ fún mi: wọn ò ní bá ẹrù lọ́wọ́ mi láéláé. Ẹni tó bá fipá wò ó, òun ló máa gbé e."

"Ẹ mọ̀."

"Ilé ìwòsàn mẹ́rin ni mo dé kí n tó rí ọ."

"Kí ni mo ṣe yín?"

Hàsíátù wo ojú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu gan-an. "O ò ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ mi. Ó ń dùn mí ni."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ bàtà, ó jáde. Sìdíkátù fara mọ́ ògiri kí ìyálé rẹ̀ lè kọjá, kò jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ kan òun.

Chérifath dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì tutù, ó ní kí Élodie tẹ bọ́tìnnì náà. Ìtànṣán tí wọ́n ń lò fún ọmọdé ló fi sí i, èyí tó kéré jù. Ara Chérifath tín-ín-rín, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n yà á. Ọkàn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n fara mọ́ra bí ẹ̀pà inú èèpo kan, iṣan wọn sì ti lọ́ mọ́ra. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ dán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tóbi jù ú lọ, iṣan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ kún fún òkúta funfun. Kò sí ohun tó bò ó. Oògùn náà kò bá a wá.

Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Kútọnu kí aago mẹ́rin tó lù. Oníṣẹ́ abẹ náà pè é padà. Ó ní òun kò rí àwòrán tó mọ́ tó báyìí rí, pé kó bá òun wá ẹni tó yà á kí òun kí i. Lẹ́yìn náà ló tún wo àwòrán náà. Ó ní kò sí ibi tí òun lè gbé ọ̀bẹ gbà láàárín méjèèjì.

Ní báyìí, Hàsíátù ń tajà ní Daagbé, ó ń gun òkè láìmí gúlegúle, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ torí ọwọ́ rẹ̀ tutù. Sìdíkátù ti padà sílé bàbá rẹ̀. Chérifath ń mu oògùn ọkàn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò lè rìn láti ilé ìwòsàn dé ìdí títì láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn dókítà ní ó lè lo ọdún kan sí i láyé. Ó ṣì ń ya àwòrán.