Ohun Tí Owó Vernon Kò Ní San

Ohun tí Marlys kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà ni ìgúnpá súwẹ́tà rẹ̀: súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, òwú pupa ni wọ́n fi rán ibi tó ya. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sóbìnrin nílé rẹ̀. Yìnyín ń bọ́ lóde ilé ìkàwé ìlú Duluth, níbi tí ọkùnrin náà, Lyle, ti ń bá ará ìlú ṣírò owó orí lọ́fẹ̀ẹ́.

"Olóògbé ọkọ mi, Vernon, ló tọ́jú owó yìí fún ẹ̀kọ́ Britta ọmọ wa," ni Marlys wí. "Mo ṣèlérí fún un pé owó yìí ni yóò san gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀."

"Ẹ má jẹ́ kó san gbogbo rẹ̀, mà. Ẹ fi owó ọwọ́ yín san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún, ìjọba á yọ ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ nínú owó orí yín. Èyí tí owó ọkọ yín bá ti san, wọn ò ní kà á. Ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ san ilé àti oúnjẹ ọmọ."

"Kí n wá dalẹ̀ òkú?" Ó fìbínú jáde.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà tí Britta di ọdún kẹta nílé-ẹ̀kọ́, owó Vernon ò lè gbé e dé òpin mọ́. Marlys padà wá, ojú ń tì í. Lyle kàn bu kọfí fún un.

"Ẹ ò ní sọ pé ẹ ti wí bẹ́ẹ̀?"

"Kọfí yẹn á tutù o."

Marlys rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Ó gba ìmọ̀ràn, owó Vernon sì tó dé òpin. Ìfẹ́ bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí ìgúnpá kejì súwẹ́tà Lyle ya, Marlys ló rán an.

Àmọ́ Britta fárígá. "Mọ́mì, ẹ ti fi àjèjì rọ́pò Dádì!"

Marlys ní kí Lyle má wá mọ́. Ó ń sunkún nídìí àwo tó ń fọ̀, ó rò pé Britta ò gbọ́, àmọ́ ó gbọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Britta gboyè. Marlys jókòó, fìlà Vernon wà lórí àga ọ̀tún rẹ̀. Ló bá rí Britta tó ń bọ̀ pẹ̀lú Lyle, àga kan lọ́wọ́ Britta. Lyle fẹ́ gbé fìlà náà kó lè jókòó.

"Ibẹ̀ kọ́," ni Britta wí. "Dádì ló ni ìyẹn." Ó gbé àga tọwọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ òsì ìyá rẹ̀. "Tiyín rèé."

Marlys di ìgúnpá súwẹ́tà Lyle tí òjò ti pa mú. "Ṣé wàá dúró?"

"Títí n ó fi kú."

"Má dárúkọ ikú," ni Marlys wí. "Ṣáà jókòó."